Ọlọ Bàbá Rẹ̀ Ló Là Á Lójú

Bí kòkó bá wà lórí ẹní níta, tí ọ̀sán sì ti pọ́n, ẹ máa ṣọ́ ìyàwó àgbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbójú sókè. Kì í ṣe ẹwà ló ń wá lọ síbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dúdú tó ń kó jọ ní ìhà ìlà-oòrùn yẹn máa di òjò, tàbí afẹ́fẹ́ á gbé e kọjá; bóyá kí òun ṣì mú sùúrù díẹ̀ sí i, tàbí kí òun ké sí àwọn ọmọ báyìí kí wọ́n wá kó kòkó wọlé. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tó fẹ́ dáná sun igbó tó ṣán náà ń wò ó. Nílé wa, àwọn tó mọ ojú ọ̀run kà jù lọ ni àwọn tí oúnjẹ wọn ń ti ibẹ̀ wá. Ojú tí iṣẹ́ ti kọ́ ni ojú wọn, kì í sì í ṣìnà bọ̀rọ̀.

Irú ojú yẹn ni mo fẹ́ kí a mú dání lọ sí ìgbèríko kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a fi wo iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Constable. Àwọn tó mọ àwòrán kà á mọ́ àwọn àgbà nínú gbogbo ẹni tó ti ya ilẹ̀, omi àti ojú ọ̀run láyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àwòrán rẹ̀ bí ohun rèǹtè-rente tí a ń fi sára kàlẹ́ńdà. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ oníṣòwò ọkà ni. Kí ó tó mú búrọ́ọ̀ṣì ni iṣẹ́ ilé wọn ti kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ayé. Ìmọ̀ ló ṣáájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹwà ló tẹ̀lé e.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1776 ni wọ́n bí i ní East Bergholt, abúlé kan ní Suffolk, lórí òkè tó kọjú sí àfonífojì odò Stour. Odò yìí ni ààlà tó wà láàárín Suffolk àti Essex. Golding Constable, bàbá rẹ̀, rí jájẹ dáadáa. Òun ló ni ọlọ tí omi ń yí ní Flatford, nísàlẹ̀ abúlé náà. Ó ní òmíràn ní Dedham, ó sì tún ní èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí. Àlìkámà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà bá kórè ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ẹṣin ń fà láti etí odò ni yóò kó ẹrù lọ sí Mistley, níbi tí odò ti ń fẹ̀ lọ sínú òkun, kí ọkọ̀ bàbá náà tó gbé e dé London. Omi tó ń rọ́ lẹ́yìn ọlọ, ìlẹ̀kùn omi tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì kí ọkọ̀ lè kọjá, òpó tí èéhù ti bò, ẹṣin tí òógùn bo ara rẹ̀: ohun tí ọmọ náà ń jí bá lójoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tó ti di àgbà, ó kọ̀wé sí Àlùfáà John Fisher, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1821. Ó ní ìró omi tó ń sá jáde níbi ọlọ, pákó tó ti jẹrà àti bíríkì àtijọ́ wà lára ohun tí òun fẹ́ràn jù láyé. Ó ní àwọn ni ó sọ òun di ayàwòrán, òun sì dúpẹ́.

Àìsàn kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè gba òwò náà, nítorí náà John ni bàbá wọn fojú sí. Lẹ́yìn ilé ìwé ní Dedham, ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan nínú ọlọ afẹ́fẹ́. Ilé pákó gíga ni irú ọlọ bẹ́ẹ̀, tó jókòó lórí òpó ńlá kan ṣoṣo, tí apá mẹ́rin sì nà jáde níwájú rẹ̀. Wọ́n ń ta aṣọ sára àwọn apá náà. Bí afẹ́fẹ́ bá lù wọ́n, wọ́n á yí, ọ̀pá inú ilé á bá wọn yí, òkúta tó ń lọ ọkà náà á yí. Ṣùgbọ́n ọlọ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ọ̀nà mìíràn, ẹni tó ń ṣọ́ ọlọ á ti gbogbo ilé náà yípo lórí òpó rẹ̀. Bí ìjì bá ká a mọ́, tí kò sì tètè ká aṣọ náà, apá lè ṣẹ́, òkúta sì lè yí ní àyíjù títí iná á fi sọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún tó bá dúró síbi iṣẹ́ yẹn kò lè fojú ọ̀run ṣeré. Ìkùukùu tó ń sáré bọ̀ lè jẹ́ owó, ó sì lè jẹ́ àdánù. Pákó kan tó ti ara ọlọ náà wá ṣì wà di òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán ọlọ sí i lára, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọdún 1792. Abram, àbúrò rẹ̀ tó padà gba òwò náà, sọ pé bí òun bá ti rí ọlọ tí John yà, òun mọ̀ pé yóò yí, àti pé ti àwọn ayàwòrán yòókù kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá a jáde lọ yàwòrán kì í ṣe gbajúmọ̀. John Dunthorne ni, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe páìpù omi àti gíláàsì fèrèsé ní abúlé. Àwọn méjèèjì á gbé ohun èlò wọn lọ sínú pápá, wọ́n á yà á títí òjìji á fi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí òjìji bá ti yẹ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró di ọjọ́ kejì ní wákàtí kan náà. Kò sí olùkọ́ ìlú ńlá kan tó fi òfin yẹn lélẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbà pé igi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kì í ṣe igi aago méjì ọ̀sán, àti pé ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ nínú àwòrán kan ti parọ́.

Ní ọdún 1799, bàbá rẹ̀ gbà pẹ̀lú ìfòyà kí ó lọ sí London láti kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ipò ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ sí. Ohun tó níyì ni àwòrán ọba, ogun, ìtàn Bíbélì àti ìtàn Gíríìkì àti Róòmù. Bí ayàwòrán bá sì máa ya ilẹ̀, wọ́n fẹ́ kó jọ ilẹ̀ Ítálì inú àwòrán àtijọ́, kí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí igi tí èéfín ti bà. Sir George Beaumont, olówó tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà tó sì fẹ́ràn Constable pẹ̀lú, gbà á níyànjú pé kí àwọ̀ fáólìnì àtijọ́ jẹ́ àwọ̀ àwòrán rẹ̀. Constable kò bá a jiyàn. Ó gbé fáólìnì kan, ó sì fi í lélẹ̀ lórí koríko tútù níwájú ilé, kí Beaumont fúnra rẹ̀ lè wo bóyá àwọ̀ méjèèjì jọra.

Ní 1802, iṣẹ́ kan yọjú tí ì bá jẹ́ kí ọkàn àwọn òbí rẹ̀ balẹ̀: iṣẹ́ olùkọ́ àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Ó kọ̀ ọ́. Ó kọ̀wé sí Dunthorne pé òun ti ń sáré tẹ̀lé àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn yà, òun sì ti ń wá òtítọ́ láti ọwọ́ ẹlòmíràn, pé òun ń padà bọ̀ ní Bergholt láti wá a níbi tó wà gan-an. Ìpinnu yìí ná an ní nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán ojú àwọn àgbẹ̀ àti ìdílé wọn ni ó ń yà kí ó lè rówó jẹun. Ní 1809, ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti Maria Bicknell, ọmọ-ọmọ àlùfáà àgbà East Bergholt, ṣùgbọ́n bàbá àgbà náà kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mówó wọlé. Wọ́n fi ọdún méje dúró de ara wọn. Nígbà tí Golding Constable kú ní 1816, tí ogún sì kan John, wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Fisher ló sì so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò fi ojú mìíràn wo àwòrán rẹ̀. Ọ̀dà inú túùbù tí a ń rà lọ́jà lónìí kò tíì dé nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ó dé. Àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀dà olóróró sí. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á gún un, wọ́n á sì fún un jáde. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, Constable á jókòó létí odò pẹ̀lú àpótí ọ̀dà lórí eékún rẹ̀, bébà kékeré lára ìdérí àpótí náà, á sì ya ohun tó wà níwájú rẹ̀ kíákíá. Ó ní ìwé tó ń wọ àpò, tó fi pẹ́ńsù ya ìtúlẹ̀, ọkọ̀, ọ̀nà àti igi sí. Ìgbà òtútù ni á wá jókòó ní London láti fi àwọn bébà yẹn ṣe àwòrán ńlá. Láti 1819 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn èyí tí gígùn wọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Títóbi yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpèníjà, nítorí pé àwọn ọba àti ajagun ni wọ́n máa ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ yà. Ó fi í ya ẹṣin ọkọ̀ àti ọlọ bàbá rẹ̀. Kí ó má bàa ṣìṣe, a máa ya odidi àwòrán náà ní ìwọ̀n kan náà fún ìdánwò, kí ó tó ya èyí tí aráyé máa rí.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni The Hay Wain, ti ọdún 1821. Sẹ̀ǹtímítà 130 ni gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 185. Flatford ni ibi tó yà. Ní apá òsì ni ilé Willy Lott, àgbẹ̀ tó ń gbé ní ìtòsí ọlọ. Èéfín ń jáde lórí ilé, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sétí omi lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín odò tí kò jìn, kẹ̀kẹ́ òfìfo kan tí ẹṣin mẹ́ta ń fà ń la omi kọjá lọ sí pápá. Pupa tó wà lọ́rùn àwọn ẹṣin náà tàn láàárín gbogbo ewé tútù yẹn. Ajá kan dúró ní bèbè, ó ń wò wọ́n. Ní ọ̀nà jíjìn lápá ọ̀tún, àwọn òṣìṣẹ́ ń kó koríko gbígbẹ sórí kẹ̀kẹ́ mìíràn, àwọn yẹn ni kẹ̀kẹ́ òfìfo yìí ń lọ bá. Ọ̀sán ni, ó sì fi Ọ̀sán sínú orúkọ tó kọ́kọ́ fún un. London ló ti yà á, kò sì fẹ́ fi ọgbọ́n orí ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ó ránṣẹ́ sí Abram kí ọmọ Dunthorne lọ ya ìrísí kẹ̀kẹ́ ìkórè gidi wá fún òun láti Suffolk. Kò fẹ́ kí àgbẹ̀ kankan wò ó kó sì sọ pé irú rẹ̀ kò lè ru koríko.

Nǹkan bí ìdajì àwòrán yẹn jẹ́ ojú ọ̀run, ibẹ̀ sì ni ọlọ afẹ́fẹ́ ti padà wá gba ipò rẹ̀. Nínú lẹ́tà ọdún 1821 yẹn tó kọ sí Fisher, ó sọ pé wọ́n ti gba òun níyànjú pé kí ojú ọ̀run dà bí aṣọ funfun tí a ta sẹ́yìn àwọn nǹkan yòókù, òun kò sì gbà. Ó ní ojú ọ̀run ló ń darí gbogbo àwòrán, òun ló ń gbé ìmọ̀lára rẹ̀. Ara Maria kò le, wọ́n sì ń gbé ìdílé wọn lọ sí Hampstead, lórí òkè tó wà ní àríwá London, nítorí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Níbẹ̀, ní 1821 àti 1822, Constable ya ìkùukùu léraléra. Nǹkan bí àádọ́ta ni ti ọdún 1822 nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní igi, kò ní ilẹ̀, ojú ọ̀run lásán ni. Ní ẹ̀yìn bébà, ó kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, àti nígbà mìíràn ohun tí ojú ọjọ́ dà lẹ́yìn náà. Luke Howard, ọ̀kan nínú àwọn ará London tó ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́, ti pín ìkùukùu sí ẹ̀yà ẹ̀yà láti 1802; Constable náà ní ìwé Thomas Forster lórí ọ̀rọ̀ náà, ó kà á, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sétí ojú ewé. Iṣẹ́ olùṣọ́ ọlọ ni ó ń ṣe níbẹ̀, àyàfi pé ọ̀dà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Àwọn ará ìlú rẹ̀ kò tètè mọyì èyí. Ó máa ń fi ọ̀bẹ ọ̀dà tọ́ funfun wẹ́wẹ́ sára ewé àti omi, láti fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lára ohun tútù hàn, àwọn alárìíwísí sì ń pè é ní yìnyín Constable. Henry Fuseli, àgbà ní Royal Academy, sọ pé àwòrán rẹ̀ ń mú kí òun béèrè kóòtù àti agbòjò. Ọ̀rọ̀ yẹn ga ju ìyìn púpọ̀ lọ létí mi: àwòrán tó lè mú kí àgbàlagbà kan múra sílẹ̀ de òjò ti ṣe ohun tí ó wá ṣe. Ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ gbé e ga. Oníṣòwò kan, John Arrowsmith, ra The Hay Wain àti àwọn méjì mìíràn ní 250 pọ́n-ùn, ó sì gbé wọn lọ síbi àfihàn ńlá ti Paris ní 1824. Ọba Charles Kẹwàá fún Constable ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Delacroix, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ ayàwòrán Faransé, wo ọwọ́ rẹ̀ ó sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Constable kò lọ síbẹ̀. Kò fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ rí títí ó fi kú.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Maria ní oṣù Kọkànlá ọdún 1828, ó fi ọmọ méje sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 1829, Royal Academy ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yàn án gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ tó pé, ìbò kan ṣoṣo ló sì fi borí. Ẹni ọdún 52 ni nígbà náà. Ẹni tí ì bá bá a yọ̀ ti lọ. Hadleigh Castle tó ṣàfihàn ní ọdún yẹn jẹ́ ilé ìṣọ́ àtijọ́ tó ti wó, tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí ìkùukùu sì ń fà ya lókè. Salisbury Cathedral from the Meadows ti 1831 ní ìjì, ó ní mànàmáná, ó sì ní òṣùmàrè. Ẹni tó fi ojú ọ̀run mọ ewu ọlọ nígbà èwe rí i pé ojú ọ̀run kan náà lè ru ọ̀fọ̀ òun. Kò nílò láti ya ènìyàn tó ń sunkún.

Ohun kan wà tí kò yà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Lẹ́yìn ogun Napoleon, owó ọkà já wálẹ̀, ebi sì mú àwọn lébìrà oko. Ní 1822, wọ́n ń dáná sun oko àti àká ní Suffolk. Constable fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Abram sọ pé kò sí alẹ́ kan tí àwọn kì í rí iná. Iná yẹn kò sí nínú àwòrán rẹ̀. Ọmọ ẹni tó ni ọlọ ni, kì í ṣe ọmọ lébìrà, orí òkè ló sì ti ń wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú pápá. Síbẹ̀, kò sọ wọ́n di àwòrán ẹ̀rín tàbí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń ti ọkọ̀ ń tì í gidi, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ń kàn án bí ó ṣe yẹ. Ó ka iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí nǹkan pàtàkì tí kò yẹ kí a ṣì yà.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní London kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí. The Hay Wain wà ní National Gallery ní Trafalgar Square láti 1886, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé láti wo àwòrán tó jẹ́ ti ilé náà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti yà á lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool Street lọ sí Manningtree, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn létí odò Stour dé Flatford. Ilé Willy Lott ṣì dúró níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní 1882, lọ sí ìlú London kan náà ní 1920 láti kọ́ iṣẹ́ àwòrán, kí ó tó padà wá tan ẹ̀kọ́ rẹ̀ káàkiri àwọn ilé ìwé ní Èkó. Ojú ènìyàn ni Onabolu fi gba orúkọ, kí ó lè hàn gbangba pé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà lè ṣe é. Ilẹ̀ wa, odò wa àti ojú ọ̀run wa ṣì ń dúró de ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò fi irú ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ yà wọ́n.

Ní 1836, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, Constable sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní Royal Institution. Ó ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni yíya àwòrán, ó sì yẹ kí a máa ṣe é bí ìwádìí nípa òfin tó ń darí ayé, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdánwò. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1837, wọ́n sì sin ín sí Hampstead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maria.

Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rù pé ọmọ òun ń sá fún iṣẹ́ ilé. Ọmọ náà kò sá rárá. Ó gbé ìṣọ́ra tí ọlọ kọ́ ọ lọ síbi tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó lè dé, ó sì fi í ya àfonífojì kékeré kan débi pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá mú búrọ́ọ̀ṣì dípò ọkọ́ tàbí òwò ìdílé, kí ó má tètè sọ pé ẹ̀kọ́ ilé ti ṣòfò. Kí ọmọ náà sì mọ̀ pé ohun tí òun mọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn bàbá òun ni ọrọ̀ tí òun ní: bí omi ṣe ń wọ́, bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ, bí òjò ṣe ń ṣú. Ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọ ní bí a ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ohun tí yóò fi yà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.